Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Sítíárìn Mọ́tò Spọ́ọ̀tì Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ti gbé Barnawa rí yóò mọ̀ pé mọ́tò kì í tètè kú ní àdúgbò wa. PAN, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń to Peugeot nígbà kan rí, kò jìnnà sí wa, Kakuri ni ó wà, àti láti oṣù kẹta ọdún 1975 tí wọ́n ti ṣí i ni 504 ti di mọ̀lẹ́bí fún ará Kaduna. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, mẹkáníìkì kì í wọ́n níbẹ̀, ibi tí mẹkáníìkì bá sì pọ̀ sí, mọ́tò tí ìlú mìíràn ti kà sí òkú yóò máa rìn níbẹ̀.

Nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń rí àwọn onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n sún mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń sáré: Golf GTI, Toyota Celica, BMW ìgbà 1980 sókè, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 504 coupé fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe 504 tí a mọ̀ sí táksí o. Ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ṣe é láti 1969 di 1983, irú rẹ̀ ni Jean-Pierre Nicolas sì wà tí ó fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 1978.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ tí ó bá ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ pààrọ̀ ni sítíárìn. A kò bá a jà. Èyí tí ó bá mọ́tò wá yóò ti sán, yóò ti máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òun sì ni ẹni tí ó bá wọlé kọ́kọ́ ń rí. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ni pé èwo ni ó rẹwà jù lọ. Ní tiwa, ẹwà ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Bí rédíò mọ́tò bá bàjẹ́, ẹ lè máa kọrin lọ. Bí sítíárìn bá tú kúrò ní ìdí rẹ̀ lójú ọ̀nà Zaria, bírékì nìkan ni ó kù fún yín, ìyẹn bí àyè bá wà láti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo àárín sítíárìn tí ó wà lára mọ́tò náà. Bí ẹ bá rí SRS tàbí AIRBAG níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Báàgì afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ tí yóò gba àyà awakọ̀ dúró bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ nínú èyí tí ẹ fẹ́ rà lọ́jà. Yàtọ̀ sí èyí, báàgì náà lè bú gbàmù lójú ẹni tí kò mọ bí a ti ń tú u. Púpọ̀ nínú mọ́tò spọ́ọ̀tì àtijọ́ kò ní in, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ orí mọ́tò nìkan ṣe ìdájọ́: Mazda MX-5 tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1989 ti ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ó tẹ̀lé e. Láti etí kan dé etí kejì ni a ti ń wọn sítíárìn. Ti àwọn mọ́tò àtijọ́ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 38 sí 40. Ti spọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ 35, 33 tàbí 32. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí ń sáré ìje rí. Ẹ rántí sípánà tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe gùn tó ni nọ́ọ̀tì ṣe ń gbọ́ràn tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sítíárìn. Bí ẹ bá yọ oní-40 tí ẹ sì fi oní-32 sí i, ibi tí ẹ ti ń lo agbára mẹ́rin tẹ́lẹ̀, márùn-ún ni ẹ ó máa lò. Bí mọ́tò bá ní páwà sítíárìn, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá ní i, tí ẹ wá fẹ́ fi mọ́tò há sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Barnawa láàárín kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì, apá yóò sọ fún yín.

Èrè wà nínú èyí tí ó kéré náà o. Ẹsẹ̀ ń rí àyè, ọwọ́ kì í sì í rin ìrìn púpọ̀ kí táyà tó yí. Ṣùgbọ́n ó lè bo ojú àwọn aago inú dáṣíbọ́ọ̀dù, pàápàá èyí tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Nínú oòrùn oṣù kẹrin ní Kaduna, aago náà ṣe pàtàkì ju èyí tí ń ka eré lọ. Ọgbọ́n kan tí kò náni lówó ni pé kí ẹ gé páálí ní òbìrí sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ dá àárín rẹ̀ lu bíi ti sítíárìn, kí ẹ jókòó sínú mọ́tò, kí ẹ sì gbé e dúró ní àyè rẹ̀. Ohun tí páálí bá bò ni sítíárìn yóò bò. Bákan náà, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹ na apá síwájú: ó yẹ kí ọrùn ọwọ́ yín lè sinmi lórí etí rẹ̀ lókè láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára àga. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ wá èyí tí àárín rẹ̀ jìn, tí yóò sún etí rẹ̀ mọ́ yín. Ní tiwa, 35 ni a ó mú fún mọ́tò tí kò ní páwà, bí iwájú rẹ̀ bá sì wúwo, a ó mú 36 tàbí 38.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Sítíárìn ọjà kì í dédé jókòó sórí ọ̀pá mọ́tò. Irin kan wà láàárín wọn tí àwọn oníṣòwò ń pè ní adápítọ̀. Ìdí rẹ̀ ní eyín nínú tí ó gbọ́dọ̀ bá eyín orí ọ̀pá mu, orí rẹ̀ sì ní ihò bóòtù tí a fi ń de sítíárìn mọ́ ọn. Iye eyín àti bí ọ̀pá ṣe nípọn tó yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ti BMW kò lè wọ Peugeot, nígbà mìíràn ti mọ́tò kan náà kì í bára mu láti ọdún kan sí òmíràn. Ní apá òkè, bóòtù mẹ́fà ni ó wọ́pọ̀. Ihò ti Momo, Sparco àti OMP wà lórí òbìrí tí ó fẹ̀ tó mílímítà 70, ti Nardi àti Personal jẹ́ 74. Mílímítà mẹ́rin péré! Síbẹ̀ wọn kò ní bára wọ. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò ní kí wọ́n fi fáìlì fẹ ihò náà, bóòtù yóò sì máa jó nínú ihò títí yóò fi tú.

Èyí tí ó burú jù ni ti wẹ́dà. Bí adápítọ̀ bá ṣọ̀wọ́n, wọn a gé àárín sítíárìn àtijọ́, wọn a sì jó o mọ́ ìdí tuntun. Wọn a kùn ún ní dúdú, yóò máa dán. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán rí bí iná ti wọ inú irin náà tó, tàbí bí ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti kọjá ṣe di ohun tí ń tètè kán. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í já níwájú ilé níbi tí ẹ ti ń rọra yí i. Ọjọ́ tí ọmọdé bá sáré já sójú ọ̀nà, tí ẹ fi gbogbo agbára fà á, ni yóò já. Nítorí náà, adápítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wo sítíárìn kankan lójú. Ẹ mú orúkọ mọ́tò, irú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé Panteka tí málà sì ní irin kan náà ni, ẹ fi wọ ọ̀pá kí ẹ rí i kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ó bá a mu, ẹ gbé sítíárìn àtijọ́ yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń rán awọ àga mọ́tò, kí wọ́n rán awọ tuntun mọ́ ọn lára. Ó ń rẹwà ju bí ẹ ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa mọ́tò tí ó ti ìlú Ọba wá. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ọ̀nà, nítorí náà mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ní láti kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ọ̀pá inú rẹ̀ lè jẹ́ ti mọ́tò mìíràn pátápátá. Ẹ tú u wò, kí ẹ ka eyín rẹ̀, kí ẹ sì yẹ oríkèé ọ̀pá náà wò nísàlẹ̀ bóyá wọ́n ti jó o níbẹ̀.

Ní ti ohun tí a fi bò ó, igi lẹ́wà lóòótọ́, ó sì bá mọ́tò àtijọ́ mu, ṣùgbọ́n ọyẹ́ Kaduna àti oòrùn tí ó ń tẹ̀lé e lè mú kí ó sán, bí ó bá sì fọ́ nínú ìjàǹbá, ẹ̀rún rẹ̀ ń gún ni. Awọ onírun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí àwọn eléré ìje ń lò wà fún ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́; ọwọ́ lásán àti eruku yóò sọ ọ́ di àkísà aláràn-án kí ọdún tó yípo. Awọ lásán ni kí ẹ rà.

Ayédèrú pọ̀, Momo ni wọ́n sì ń ṣe jù. Gianpiero Moretti ará Ítálì ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1964. Orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú Monza ni ó pa pọ̀ di Momo. Nínú ọdún yẹn náà ni John Surtees fi sítíárìn rẹ̀ wa Ferrari tí ó sì di akọni àgbáyé. Ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn: ojúlówó máa ń ní àmì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin fúnra rẹ̀, pẹ̀lú KBA àti nọ́ńbà ìfọwọ́sí ti ilẹ̀ Jámánì. Èyí tí ó jẹ́ bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń tẹ̀ bí ọpọ́n ike, ẹ dìde níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ tú bátìrì, kí táyà iwájú sì dọ́gba gbọnrangandan. Ẹ tú nọ́ọ̀tì àárín díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán, kí sítíárìn má baà já lójijì gbá yín lẹ́nu. Púlà ni kí ẹ fi fà á, kì í ṣe òòlù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1968 tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí sítíárìn má ṣe gún awakọ̀ láyà, ọ̀pọ̀ ọ̀pá ni wọ́n ṣe kí ó lè ká bí ìjàǹbá bá dé, òòlù sì lè ba ìyẹn jẹ́. Ẹ so wáyà fèrè padà, kí ẹ rí i pé tiráfíkétọ̀ ṣì ń padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yà. Ẹ wà á ní pẹ̀lẹ́ ní àdúgbò ní àárọ̀ Sunday tí ọ̀nà dá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún fún bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà le.