Ta Ló Ní Kí Ẹ Da Oògùn Yín Nù?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, nítorí pé àwa tí a wà ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa idà ìwòsàn nípa àdúrà lójú. A sì ní ìdí. Ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Awakọ̀ katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákeji, ó sì gbọ́ ohùn tó ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ pàdé ní Òkè-Ooye ní Iléṣà láti yanjú àríyànjiyàn kan lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ibẹ̀ ni ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé òkú ọmọ kan jí. Èrò wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbé omi dání kí ó gbàdúrà sí i, ọ̀pọ̀ sì kó òrìṣà wọn wá sun. Ìtàn ìjọ tún sọ pé àwọn aláìsàn dìde lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn Wesley, wọ́n gba Òkè-Ooye lọ. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Ọlọ́run ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ilé ìwòsàn náà? Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Wesley Guild tí ó ń jẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dáwó fún un ni. Kì í ṣe ojúbọ kèfèrí ni àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn ti jáde. Láti ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti ọdún 1956. Ó rí i pé èéyi àti àìjẹunrekánú ń pa ọmọdé púpọ̀. Ó fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọn yóò máa kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ó ní kí ìyá fi sínú ọ̀rá, kí ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Bí ìlà orí káàdì bá ti ń wálẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ tó dùbúlẹ̀. Irú káàdì yìí tàn káàkiri ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ lọ wọ̀n rí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìjà oògùn kò ṣàjèjì nínú ìjọ. Àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti Wales lẹ́yìn ìsọjí náà ń lo kuníìnì nítorí ibà, àwọn ará wa sì ní kò yẹ kí oníwàásù ìwòsàn lo oògùn. Ó wà lára ohun tó pín wọn níyà ní nǹkan bí ọdún 1940, èyí tó bí ìjọ CAC. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó la lùkúlùkú ọdún 1918 já ni wọ́n, nígbà tí kò sí oògùn tó ràn án. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kọ oògùn fún ara tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó pàṣẹ fún ẹlòmíràn pé kí ó da tirẹ̀ nù, ọ̀tọ̀ pátápátá ni.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa ní Òṣogbo, ó ń ta àdìrẹ, ọlọ́mọ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a jà. Ní ìṣọ́ òru kan níbòmíràn, aríran kan pè é síta, ó ní Olúwa ti wò ó sàn, kí ó da oògùn rẹ̀ nù. Ó dà á sínú ṣáláńgá. Ara rẹ̀ le koko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tilẹ̀ ti jẹ́rìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ìyẹn gan-an ni burúkú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo lọ kí i, ohun tó bi mí ni pé, “Baba Pásítọ̀, ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?” Aríran kò yọjú. Àwọn kan nínú ìjọ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ṣiyèméjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí Máàkù orí kìíní, ẹ kà á dé ìparí. Jésù wo adẹ́tẹ̀ kan sàn, lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ó rán an lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Léfítíkù 13 sì fi yé wa bí àlùfáà ṣe ń wò ó, tí yóò dúró fún ọjọ́ méje, tí yóò tún un wò. Jésù kò ka àyẹ̀wò sí àìgbàgbọ́. Hesekáyà gba ìlérí ìwòsàn láti ẹnu Àìsáyà, Àìsáyà yìí kan náà ló ní kí wọ́n wá èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ̀ mọ́ ojú oówo náà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dárúkọ Ásà. Ẹ̀ṣẹ̀ Ásà ni pé ó wá oníṣègùn, kò wá Ọlọ́run rárá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní Ọlọ́run ti gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá tàbí HIV, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa lo oògùn yín lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ fún yín, kí ó yẹ̀ yín wò, kí ó tún yẹ̀ yín wò. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ dáwọ́ dúró, ẹ mú ẹ̀rí náà wá sí ìjọ, a ó lù ìlù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin alàgbà. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ìgbàgbọ́ ni àwọn ń lò, owó oògùn ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ fọgbọ́n bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì yọ díẹ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ ìjọ.

Arábìnrin wa ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà ìdílé. Ọmọ rẹ̀ kejì ló ń ka ẹyọ rẹ̀ fún un.