Ilé tí Ọmọ Ajá ti Wá

Nínú gbogbo ẹran tí ó ń bá ọmọ ènìyàn gbé, kò sí èyí tí ó sún mọ́ ọn tó ajá. Ewúrẹ́ a máa jẹ kiri ní àyíká ilé, adìyẹ a máa ṣa oúnjẹ kiri ní ààtàn, ṣùgbọ́n ajá ni ó ń bá ọdẹ wọ igbó, tí ó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀, tí ó sì ń dá ìró ẹsẹ̀ ará ilé mọ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Àwọn Yorùbá ka ajá sí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe. Bí olówó ajá bá sì pe ajá rẹ̀ ní gbangba, ará àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò mọ̀ pé òun ni a ń bá wí.

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ sin ajá kì í kàn mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí. Ilé ọdẹ tàbí ilé aládùúgbò tí ó ní abo ajá ni yóò lọ. Ó ti mọ ìyá ajá náà tẹ́lẹ̀: ó ti rí i bí ó ti ń lé ẹran nínú igbó, ó sì mọ̀ bóyá ó máa ń gé ọmọdé jẹ tàbí ó jẹ́ onísùúrù. Bí abo ajá náà bá lóyún, yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Bí ó bá sì bímọ, yóò dúró títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú kí ó tó lọ mú un.

Ní ìlú ńlá òde òní, ọ̀nà ti yí padà. Ní Èkó, ènìyàn lè jókòó nínú ọkọ̀ ní ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dá a dúró, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì gbé ọmọ ajá sókè sí ojú fèrèsé, kí irun rẹ̀ máa dán, kí ojú rẹ̀ sì máa fa àánú. Àwọn mìíràn wà nínú àgò lẹ́bàá títì. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ nìkan ni ẹni tí ń rà á rí lórí fóònù kí ó tó san owó. Ẹni tí ó ra ajá báyìí mọ iye tí ó san, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó rà. Kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì mọ àwọn ajá tí ó ti bá sùn nínú àgò kan náà. Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ ajá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá ń gbà ní ilé ni wàrà ìyá rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni ajá fi ń lóyún. Ní pípadé ni ojú ọmọ rẹ̀ máa ń wà nígbà tí ó bá bí i, kì í sì í là títí yóò fi tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Wàrà tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ìbímọ ni ó ní agbára tí ń gbèjà ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Bí ìyá bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọ yóò pín nínú ààbò náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun kejì tí ó ń gbà ni ẹ̀kọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ti ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré. Bí ó bá gé ọ̀kan jẹ jù, èyíinì yóò ké, yóò sì kọ̀ láti bá a ṣeré mọ́. Bí ó bá gé ìyá rẹ̀ ní ọmú, ìyá yóò dìde kúrò níbẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ń mọ ìwọ̀n eyín ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ẹran fi ń kìlọ̀ pé kí ọmọ ajá má ṣe kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Èyí tí a bá já gbà ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5, nítorí pé olùtajà ń kánjú owó, lè di ajá tí ẹ̀rù ń bà ní gbogbo ìgbà, tàbí èyí tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti ìjà.

Ohun kẹta ni ìlera. Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní parvo, tí a kọ́kọ́ mọ̀ láàárín ajá ní ọdún 1978. Ó máa ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kí ó sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru tí ó ní ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Nígbà tí a bá kó ọmọ ajá láti ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú àgò kan, ẹyọ kan tí ó ní àrùn náà tó láti kó o ran gbogbo wọn. Ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí àmì rẹ̀ tó yọ. Nítorí náà, ọmọ ajá tí ó ń fò sókè ní ọjọ́ tí bàbá rà á wálé lè di òkú kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí àwọn ọmọ tí a rà á fún sì máa sunkún lórí ibojì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù lọ ni dìgbòlugi. Ajá ni parvo ń pa. Dìgbòlugi ń pa ajá, ó sì ń pa olówó rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni ó ń pa ní ọdọọdún, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wà. Nínú ènìyàn 100 tí ó kó àrùn yìí, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n. Àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn, nítorí pé àwọn ni ó sábà máa ń bá ajá ṣeré. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ó yè bọ́. Àwọn kan gbà gbọ́ pé ọmọ ajá kò lè ní dìgbòlugi nítorí pé ó kéré. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá. Bí ajá tí ó ní àrùn náà bá gé ọmọ ajá jẹ, yóò kó o; itọ́ rẹ̀ sì lè ti ní kòkòrò náà fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ara rẹ̀ kò yá.

Abẹ́rẹ́ wà tí ó ń dènà àrùn yìí. Ní ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ará ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ fi irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọmọdékùnrin kan là tí ajá dìgbòlugi gé jẹ. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá máa ń jẹ́ kí ó tó gba abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí a bá ń mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò tí ì gbà á. Nítorí náà, káàdì abẹ́rẹ́ ìyá ni ẹni tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ béèrè.

Níbo wá ni ó yẹ kí ènìyàn ti mú ọmọ ajá? Ibi kìíní ni ilé ẹni tí a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ajá ìbílẹ̀ tí a bí sí àdúgbò kò wọ́n, oòrùn ilẹ̀ yìí ti mọ́ ọn lára, a sì lè rí ìyá rẹ̀ ní ìgbàkúùgbà.

Ibi kejì ni ilé ẹni tí ó fi ajá sínsìn ṣe iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn ajá tí irú wọn ti òkè òkun wá, bí Alsatian ti ilẹ̀ Jámánì àti Boerboel ti Gúúsù Áfíríkà. Ìṣọ́ra ṣe pàtàkì níbí, nítorí pé àwọn ajá ńlá mìíràn a máa jogún àrùn oríkèé ìbàdí lọ́dọ̀ òbí wọn. Ẹni tí kò bá rí òbí kò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń tiro. Olóòótọ́ nínú àwọn olùsin ajá kì í fi ìyá pa mọ́. Kì í jẹ́ kí abo ajá kan náà máa bímọ láìsinmi. Òun náà a sì máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wá rajà: Ṣé ọgbà wà ní ilé yín? Ta ni yóò máa fún un ní oúnjẹ? Ṣé orí ẹ̀wọ̀n ni ẹ ó dè é mọ́ tọ̀sán-tòru? Ẹni tí kò bá béèrè ohunkóhun ju owó lọ, owó nìkan ni ó mọ̀.

Ibi kẹta ni ilé ìtọ́jú àwọn ẹran tí a pa tì. Kì í ṣe ọmọ ajá nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àgbà ajá tí ìwà rẹ̀ ti hàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè yẹ ilé tí kò ní àyè láti tọ́ ọmọ kékeré.

Ibi kẹrin, èyí tí ó yẹ kí a sá fún, ni ẹ̀bá títì àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń ta ajá láti inú àwòrán tí kò sì fẹ́ kí a mọ ilé òun. Àánú lè ṣe ènìyàn nígbà tí ó bá rí ọmọ ajá tí oòrùn ń pa, kí ó sì rà á láti gbà á là. Ọkàn rere ni èyí, ṣùgbọ́n owó tí ó san náà ni olùtajà yóò fi lọ kó méjì mìíràn wá sínú àgò. Bí ọjà kò bá tà, àgò yóò ṣófo.

Àwọn ìlú mìíràn ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Orúkọ abo ajá kan ni wọ́n fi pè é, èyí ni Lucy, tí a gbà sílẹ̀ ní ọdún 2013 ní ibi tí wọ́n ti ń fi í bímọ ṣòwò títí ara rẹ̀ fi bàjẹ́. Òfin náà kò gba alágbàtà láyè láti máa ta ọmọ ajá tí kò tí ì pé oṣù 6. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó sin ìyá rẹ̀ gan-an ni a gbọ́dọ̀ ti rà á, tàbí kí a gbà á ní ilé ìtọ́jú ẹran. Ohun tí àwọn ọdẹ Yorùbá ti ń ṣe láìsí òfin ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá kọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ènìyàn bá dé ilé tí ọmọ ajá wà, kí ó má ṣe kánjú. Kí ó wo ìyá: ṣé ara rẹ̀ le, ṣé ó ń gba àlejò láìgbó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Kí ó wo ibi tí wọ́n ń sùn bóyá ó mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ọmọ. Ó yẹ kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kí ikun má ṣe wà ní imú rẹ̀, kí eégbọn má ṣe wà ní etí rẹ̀, kí abẹ́ ìrù rẹ̀ sì gbẹ. Ikùn tí ó wú ju bí ó ti yẹ lọ sábà máa ń jẹ́ àmì aràn. Ọmọ tí ó pé ọ̀sẹ̀ 8 yẹ kí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu gbogbo eyín wàrà rẹ̀, tí iye wọn jẹ́ 28. Bí eyín kò bá tí ì jáde tán, irọ́ lè wà nínú ọjọ́ orí tí olùtajà pè.

Mímú wálé kì í ṣe òpin iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a gbé ọmọ ajá náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹran, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Wọn yóò fún un ní oògùn aràn. Wọn yóò sì máa tún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, láìgbàgbé ti dìgbòlugi. Bí ajá bá sì gé ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà jẹ́ ọmọ ajá, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a má ṣe fi ata tàbí epo dí i.

Gbogbo èyí ń ná ni ní owó àti àkókò; ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ajá lè gbé ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé. Ẹni tí ó bá rí i pé òun kò ní lè bọ́ ọ, tàbí pé òun kò ní lè san owó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sàn kí ó má mú un rárá ju kí ó mú un kí ó sì tú u sí ìgboro lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pinnu láti sin ajá, kí ó kọ́kọ́ rin ìrìn àjò kékeré náà lọ sí ilé tí a ti bí i, kí ó sì rí ìyá tí ó fún un ní ọmú, nítorí pé àárín àwọn ọmọ tirẹ̀ ni ajá náà yóò máa sùn.