Wàrà àti Oúnjẹ Àkọ́kọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá gbé ọmọ wá síbi ìwọ̀n, ẹ máa ń bi àwa òṣìṣẹ́ ìlera bóyá ọmọ lè jẹ wàrà. Ó lè jẹ ẹ́. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà, tí ẹ sì tún wàrà náà sè nílé kí ẹ tó fi kàn án lẹ́nu, oúnjẹ gidi ni. Títún un sè yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ó kà níhìn-ín.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé

Ọmú nìkan ni oúnjẹ ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí di oṣù mẹ́fà. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí omi ògì. Omi tí ọmọ nílò wà nínú ọmú, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, áyọ́ọ̀nù tí ọmọ gbé wá láti inú oyún, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, á ti máa tán lọ, ọmú nìkan kò sì ní tó o mọ́. Ẹ wo ọmọ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ọrùn rẹ̀ á ti le, á lè jókòó bí ẹ bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn, bí ṣíbí bá sì kan ẹnu rẹ̀, kò ní máa fi ahọ́n ti oúnjẹ jáde. Ọmú kò dúró o. Ẹ máa fún un lọ títí di ọdún méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàrà inú igbá

Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ṣe wàrà a máa gbé mílíìkì màlúù kaná, wọn a fún omi ewé bomubomu sí i, á dì, wọn a wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Iná kàn án lóòótọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iná ló ń kọ wá lóminú. Láti gáà títí dé ọjà Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, inú omi ló wà nínú igbá, oòrùn ń pa á, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ń wọ̀ ọ́, ọwọ́ ẹni tó ń rà á náà ń wọ̀ ọ́. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fẹ́ràn irú ibẹ̀. Bí mílíìkì náà kò bá sì jinná tó látilẹ̀, ó lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn mìíràn wá láti ara màlúù. Àgbàlagbà lè jẹ ẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ara ọmọ oṣù mẹ́fà kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, tí kò kan, tí kò yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ da omi tó bá a wá nù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi omi tó mọ́ sè é, kí ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ má bẹ̀rù, wàrà kì í yọ́ sínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ ògì. Ìlàjì ṣíbí tíì tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fi odidi wàrà lé ọmọ lọ́wọ́: ó ń fà, èrìgì lásán kò lè lọ̀ ọ́, ó sì lè dí ọ̀nà èémí. Wàrà díndín tó ti gba ata àti iyọ̀, ti àgbà nìyẹn.

Wàrà òyìnbó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà ṣe é fún ọmọ, bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé wọ́n ti fi iná pa kòkòrò inú mílíìkì rẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ nínú púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni. Mílíìkì màlúù ní mímu dípò ọmú, ó di ẹ̀yìn ọdún kan.

Wàrà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní áyọ́ọ̀nù rárá. Ẹ má jẹ́ kó gba ipò ẹja, ẹ̀dọ̀, ẹyin àti ẹ̀wà nínú abọ́ ọmọ.

Ògì àti ohun tó ń bá a rìn

Ògì ṣíṣàn ń kún ikùn, kì í bọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó ki débi tí kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kí ẹ sì pò ó pọ̀ mọ́ edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a lọ̀, ẹ̀wà tí a bó, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tàbí ẹyin tó jinná dáadáa, àti epo pupa díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù 9, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láàárín.

Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Wàrà, ẹyin, ẹ̀pà àti ẹja lè bínú sí ara àwọn ọmọ kan. Bí ara bá sú, tí ètè wú, tàbí tí ọmọ ń bì léraléra, ẹ dá oúnjẹ náà dúró, ẹ wá rí wa. Bí èémí bá ń ṣòro fún un, ẹ má dúró gbọ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni.

Oyin di ẹ̀yìn ọdún kan, torí kòkòrò inú rẹ̀ lè mú kí iṣan ọmọ rọ jọwọrọ, kí ó má lè mí. Iyọ̀, ṣúgà àti májì, ẹ má fi sí i. Odidi ẹ̀pà, ó di ẹ̀yìn ọdún márùn-ún.

Rírọ ọmọ

A mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí àwọn ìyá wa máa tẹ́ ọmọ sórí itan, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ da ògì sí i lẹ́nu, kí wọ́n dí i nímú kó lè gbé e mì. A bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń ké ń fa èémí, ògì náà á sì bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi ṣíbí fún un, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti yó.

Bí oúnjẹ bá há a lọ́fun

Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Bí ohùn kò bá jáde mọ́, ẹ kígbe fún ìrànlọ́wọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí apá yín kí orí rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí oúnjẹ náà kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì ti ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò rí ohun tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé ọmọ wá síbi ìwọ̀n, ẹ rántí pé fítámì A máa ń wà fún ọmọ oṣù mẹ́fà, abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sì wà ní oṣù 9. Ẹ mú káàdì ọmọ dání.