Àká ni ọ̀rá ara wa: ta ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀?



Àgbẹ̀ tó kórè àgbàdo kì í jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kó o sínú àká, ó sì ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ wa náà, àká ni.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, tàbí ẹ mu gàrí Savalou tí gbogbo Benin mọ̀. Ṣúgà á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù á wá tú ohun kan jáde tí àwọn dókítà ń pè ní ínsúlínì. Òun ni olùṣọ́ àká. Á ní kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọlé, á sì ti ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá ti wà lóko láti àárọ̀ tí ebi ń pa yín, ínsúlínì á dín kù, ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀, ọ̀rá á máa jáde láti fún iṣan yín lágbára. Ohun tó ń gbé aláàwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Bí àká bá kún jù ńkọ́? Ọ̀rá á máa dà sínú ẹ̀dọ̀, ínsúlínì ò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, àtọ̀gbẹ sì lè wọlé. Ẹ fi okùn wọn ikùn yín. Bó bá ju ìdajì gíga yín lọ, ẹ dín ohun mímu aládùn kù, kí ẹ sì lọ yẹ ṣúgà wò.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù rèé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tó wá pa á tì torí owó tàbí torí àgbo, àká rẹ̀ ò ní olùṣọ́ mọ́. Ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, ọ̀rá á ya sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ohun kíkan. Ó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, èébì, inú rírun, mímí kíákíá, èémí tó ń rùn bí èso tó pọ́n jù: ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tó sì fẹ́ gbààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín: ṣé ẹnì kan wà nítòsí yín tó ti pa abẹ́rẹ́ tì? Ẹ má bú u o. Ẹ bi í léèrè ohun tó dí i lọ́wọ́, kí ẹ sì bá a wá ọ̀nà.

Ó tún dọjọ́ mìíràn.