Títún Àtẹ Irinṣẹ́ AutoCAD Tò: Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá Níbẹ̀

1.0 Ìfáárà

Bí a bá wọ inú àgbẹ̀dẹ, a ó rí i pé alágbẹ̀dẹ kì í dìde wá owú tàbí ẹ̀mú kiri. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó wọn ni ó máa ń kó wọn sí, nítorí pé irin tó gbóná kì í dúró de ẹni tó ń wá irinṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé tàbí àwòrán ẹ̀rọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ṣe lè tún àtẹ irinṣẹ́ inú AutoCAD tò kí ó lè bá iṣẹ́ ẹni mu. A ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yorùbá, kò mọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ nìkan.

2.0 Kí ni àtẹ irinṣẹ́?

Ilé-iṣẹ́ Autodesk ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé AutoCAD jáde ní ọdún 1982. Àtẹ irinṣẹ́ ni ọ̀wọ́ àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tó máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀ àti àṣẹ tó rọ̀ mọ́ ọn. A yan ọ̀rọ̀ náà, 'àtẹ', nítorí pé bí ọlọ́jà ṣe ń pàtẹ kí oníbàárà lè rí ọjà kedere, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pàtẹ àwọn àṣẹ wọ̀nyí.

Nínú AutoCAD 2009 ni Autodesk mú ọ̀já irinṣẹ́ wọlé, èyí tó tẹ́ rẹrẹ sí òkè ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó sì di AutoCAD 2015, wọ́n yọ ètò àtijọ́ tó máa ń kó àwọn àtẹ jáde fúnra rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, àtẹ irinṣẹ́ kò parẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ṣì lè pè é jáde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

3.0 Bí a ṣe ń to àtẹ tuntun

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò le:

(i) Tẹ CUI sí ojú ìlà àṣẹ, kí o sì tẹ Enter. Ojú ewé ìtòlẹ́sẹẹsẹ yóò ṣí.

(ii) Wá Toolbars nínú àkójọ tó wà lápá òsì. Fi ọwọ́ ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, kí o yan New Toolbar, kí o sì fún àtẹ náà lórúkọ.

(iii) Nísàlẹ̀ ni àkójọ àwọn àṣẹ wà. Wọ́ èyí tí o fẹ́ lọ sórí àtẹ tuntun náà.

(iv) Tẹ OK. Àtẹ náà yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà.

4.0 Àṣẹ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì

Olùkọ́ tún lè kọ àṣẹ tirẹ̀ sẹ́yìn bọ́tìnnì. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ yìí:

^C^C_.-layer;_make;Ogiri;;

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣẹ̀dá ìpele tí a ó máa ya ògiri ilé sí. ^C^C ń fagi lé àṣẹ yòówù tí a kò tíì parí, bí ìgbà tí a bá tẹ Esc lẹ́ẹ̀mejì. Àmì ; dúró fún Enter. Èyí tó tẹ̀lé Ogiri ń gba orúkọ náà wọlé, èyí tó kẹ́yìn sì ń parí àṣẹ. Àmì - tó ṣáájú layer ni kò jẹ́ kí ojú ewé mìíràn ṣí, kí àṣẹ náà lè ṣiṣẹ́ tán lórí ìlà àṣẹ. Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà dúró de ayàwòrán kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibì kan, àmì \ ni a ó lò.

Àmì _ ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. AutoCAD wà ní èdè Faransé, Jámánì, Japan àti àwọn mìíràn, orúkọ àṣẹ sì yàtọ̀ láti èdè kan sí òmíràn. Àmọ́, bí _ bá ti ṣáájú orúkọ àṣẹ, gbogbo wọn ni yóò gbà á.

5.0 Ọ̀rọ̀ èdè

Ohun tí èyí fi yé wa ni pé ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn ń kà. Orúkọ bọ́tìnnì àti àlàyé rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, a sì lè fi Yorùbá kọ wọ́n. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé eku kọ̀ǹpútà lé bọ́tìnnì, Yorùbá ni yóò kà.

Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò dé orí àwòrán yíyà. Bí a bá pe TRIM àti BREAK ní 'gé', a ti da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. TRIM ń gé ibi tí ìlà ti kọjá ààlà rẹ̀. BREAK ń pín ìlà sí méjì. A dábàá 'rẹ́' fún ti àkọ́kọ́, bí a ṣe ń rẹ́ irun, àti 'já' fún èkejì, bí a ṣe ń já okùn. Ohùn orí wọn ṣe kókó: 'jà' kì í ṣe 'já', 'rẹ' kì í sì í ṣe 'rẹ́'. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ dán ìrísí lẹ́tà wò bóyá ó gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ papọ̀.

6.0 Àkíyèsí

Kí a má ṣe kó gbogbo àṣẹ sórí àtẹ kan. Àtẹ tó kún àkúnjù kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò tò. Kí a má sì fi tiwa bo acad.cuix, tí í ṣe fáìlì àkọ́kọ́, mọ́lẹ̀. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe, kí a sì fi àṣẹ CUILOAD gbé e sórí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Lẹ́yìn èyí, kí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àlàyé bọ́tìnnì, nítorí pé òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé nínú ìdánwò àti lẹ́nu iṣẹ́.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àtẹ irinṣẹ́ jẹ́ ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ṣùgbọ́n kò gba owó, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbà ni kí olùkọ́ àwòrán àti olùkọ́ Yorùbá jókòó pọ̀. Bí a kò bá fi èdè wa sọ irinṣẹ́ lórúkọ, orúkọ tí ẹlòmíràn sọ ọ́ ni àwọn ọmọ wa yóò máa pè é.