Ṣé o mọ̀? Ìgbà òtútù ní Levi

Ṣé o mọ̀ pé ní Levi, òkè tí wọ́n ti ń fi síkì, ohun pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, yọ̀ lórí yìnyín ní Lapland, ní àríwá Finland, oòrùn kì í yọ rárá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù Kejìlá? Kaamos ni wọ́n ń pe àsìkò náà. Kì í ṣe òkùnkùn biribiri o. Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run a máa ní àwọ̀ aró fún wákàtí díẹ̀, yìnyín funfun a sì mú kí ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn tàn sí i. Iná mànàmáná ló ń tan ojú òkè fún àwọn tó ń yọ̀ wálẹ̀. Òtútù lè já sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, nítorí náà, aṣọ mẹ́ta tí a wọ̀ léra sàn ju ẹ̀wù nínípọn kan ṣoṣo lọ. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó di inú sauna, yàrá onígi tí wọ́n ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yan oṣù, oṣù Kẹrin ni màá mú: yìnyín ṣì nípọn, oòrùn sì ti padà, kì í tètè wọ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, ìdíje Ife Àgbáyé ti síkì máa ń wáyé ní Levi. Ẹ̀bùn ẹni tó bá borí ni reindeer alààyè, ẹranko oníwo tó jọ àgbọ̀nrín. Mikaela Shiffrin ará Amẹ́ríkà ti gba ju ẹyọ kan lọ. Kì í kó wọn lọ sílé. Lapland ni wọ́n ti ń bá a sìn wọ́n, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ wọ́n lórúkọ.

Síkì fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Èyí tí wọ́n rí ní Kalvträsk, ní Sweden, lọ́dún 1924, ti lé ní 5,000 ọdún.