Kókó lẹ́nu ológbò: Ẹ má fi parasitamọ́ọ̀ wò ó
Ológbò kì í sábà ké tí eyín bá ń dùn ún. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ó sáré dé ìdí oúnjẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì padà. Itọ́ lè máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹnu náà sì máa rùn. Òórùn yẹn kì í ṣe ti ẹja tó jẹ o.

Erìgì tó pọ́n, tó sì wú, sábà máa ń wá látinú ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín. Èyí ṣeé tọ́jú. Dókítà ẹranko á kùn ún lóorun, á fọ eyín náà, á sì yọ èyí tó ti bàjẹ́.

Kókó ló yẹ kó ká yín lára jù, pàápàá lábẹ́ ahọ́n ológbò tó ti dàgbà. Ó lè jẹ́ ọyún lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Dókítà máa ní láti gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ẹnu ológbò máa ń yára dàgbà, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹja rírọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má tẹ kókó náà. Parasitamọ́ọ̀ ńkọ́? Hóró kan péré lè pa á.